Ẹnu Ìgèrè: Lẹ́tà Gbangba sí Gómìnà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà

Alàgbà Ọláyẹmí Cardoso,



Nọ́ọ̀sì ni mí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ni mo sì ti fi ọdún mọ́kànlá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba kan kí n tó kó wá sí Leeds ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín lójú gbogbo ayé kò lọ́jú pọ̀: mo ní owó nílé, òógùn ojú mi ni, àmọ́ mi ò rí ọ̀nà tí òfin mọ̀ tí mo lè gbà mú un wá síbi tí mò ń gbé. Kò sẹ́ni tó jí i. Inú báńkì tí mo fi í sí náà ló wà. Ó kàn ń yọ́ ni, bí òrí tí wọ́n gbé sínú oòrùn.

₦4,800,000 ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe jọ, torí ó ṣeé ṣe kí irú owó báyìí kéré lójú ẹni tó ń ka bílíọ̀nù lójoojúmọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa ló ń yọ ọ́ lórí owó oṣù mi, láti oṣù kejì tí wọ́n gbà mí síṣẹ́. Àjọ tí àwa nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún ń dá wà níbẹ̀. Owó iṣẹ́ òru wà níbẹ̀. Owó Corolla àtijọ́ tí mo tà lọ́pọ̀ nígbà tí ìrìn ti kù sí dẹ̀dẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìjọba ti yọ owó orí tirẹ̀ kúrò lórí owó oṣù yẹn kó tó kan ọwọ́ mi rárá. Bí owó kan bá mọ́ ju èyí lọ, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń rí i.

Ní oṣù keje ọdún 2021, báńkì tí ẹ ń darí lónìí dá títa dọ́là fún àwọn ilé-iṣẹ́ apààrọ̀-owó dúró. Ẹ̀yin kọ́ lẹ wà lórí àlééfà nígbà náà, mo mọ̀. Oṣù kẹsàn-án 2023 lẹ dé. Ohun tí wọ́n kéde ni pé kí ẹni tó bá nílò owó òkèèrè gba báńkì rẹ̀ lọ, kó yé lọ bá àwọn àbókí tó ń ṣẹ́ owó níta. Èmi, ẹni tó máa ń gbọ́ ìkéde ni mí. Mo lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn níbẹ̀ níwà. Ó ní, "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi dọ́là ṣe?" Mo ní mò ń kó lọ sílùú Òyìnbó ni, mo fẹ́ kó owó mi dání. Ó yẹ Fọ́ọ̀mù A, ìwé tí a fi ń béèrè owó òkèèrè lọ́wọ́ báńkì, wò síwá sẹ́yìn. Owó iléèwé wà níbẹ̀. Owó ìtọ́jú àìsàn wà níbẹ̀. Owó ìrìnàjò wà níbẹ̀: $4,000 láàárín oṣù mẹ́ta fún ẹni tó ń rìn fún ara rẹ̀, $5,000 fún ẹni tó ń rìn nítorí òwò. Ó gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, kíkó lọ ò sí nínú ẹ̀." Mo bá kún ti ìrìnàjò. Nígbà tó ku ọ̀la kí n wọ bàálù, $1,000 ni wọ́n rí fún mi. Mo bi í pé ìyókù ńkọ́. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn fẹnu nà sí ìta, níbi tí àbókí kan jókòó sí lábẹ́ agboòrùn, tó rọra ń rin orín.

Ẹlòmíràn á ní, ṣebí àkáǹtì dọ́là wà. Dọ́là wo ni n ó fi sínú rẹ̀, bí kì í bá ṣe èyí tí mo rà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ní kí n má bá rà?

Báyìí ni mo ṣe gúnlẹ̀ sí Leeds. Onílé mi ń béèrè owó oṣù kan, ó tún ń béèrè owó ìdúró ọ̀sẹ̀ márùn-ún, èyí tó jẹ́ òpin ohun tí òfin ọdún 2019 gbà á láyè láti gbà. Káàdì náírà mi kọ̀, kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. (Nígbà tó di 2022, $20 péré lóṣù ni ọ̀pọ̀ báńkì ń jẹ́ kéèyàn fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ ná lókè òkun, kí wọ́n tó wá ti í pa pátápátá.) Mo lọ yáwó lọ́wọ́ alàgbà ìjọ kan tí mi ò mọ̀ rí, mo kúnlẹ̀ fún un nínú kíṣìnnì rẹ̀, nígbà tí ohun tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ jókòó sí Ìbàdàn lórúkọ mi. Oṣù méje ni mo fi san án.

Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Nígbà tí mò ń kúrò nílé, dọ́là kan ń lọ ní nǹkan bí ₦411 lọ́dọ̀ ìjọba, ó ń lọ ní nǹkan bí ₦570 níta. Ká ní báńkì pààrọ̀ owó mi ní iye tí ìjọba ń pè é, ó lé ní $11,600. Ká ní mo tọ àbókí lọ, ó lé ní $8,400. Ti àkọ́kọ́ kò ṣeé ṣe torí wọn ò gbà. Ti èkejì, èmi ni mi ò ṣe é, torí wọ́n ní kí n má ṣe é. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye lé e. Ní 2025 tí dọ́là kan ń rìn yíká ₦1,500, ká tilẹ̀ ní mi ò fọwọ́ kan kọ́bọ̀ níbẹ̀, kò ju $3,200 lọ. Ìgbọràn mi ti jẹ ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là lọ.

Wọ́n á ní èlé wà. Ó wà o. Ní 2021, òfin Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ni pé èlé tó kéré jù tí báńkì lè san lórí owó ìpamọ́ ni ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún òṣùwọ̀n èlé ìjọba. Òṣùwọ̀n yẹn wà ní 11.5%. Nítorí náà, 1.15% lọ́dún! Oṣù kẹjọ 2022 ni wọ́n tó gbé e sókè. Ní ìparí 2024, ọ̀wọ́n gógó ọjà tí àjọ ìṣirò ìjọba kà jẹ́ 34.8%. Ẹni tó ń fowó pamọ́ báyìí, ajere ló fi ń pọnmi.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nílé wa rí. Bàbá mi àgbà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ta aṣọ ní Kumasi fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò ní ròyìn rẹ̀ jù; agbolé wo ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà, ní Ìnísà tàbí Èjìgbò ni kò mọ ẹni tó bá ọkọ̀ ẹlẹ́rù wálé nígbà náà? Bàbá àgbà ní òun kò rí ibi tí òun ti lè ṣẹ́ sídì tó wà lọ́wọ́ òun. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ló fi rà, òun ló gbé dé. Nígbà tí a wà ní kékeré, a máa ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó máa ṣe bí ẹni ń wakọ̀ lọ sí Èkó, láìmọ̀ pé owó ìpamọ́ ẹnìkan là ń fi ṣeré. Ìjọba àjèjì ló ṣe bàbá àgbà bẹ́ẹ̀. Tèmi, ìlú mi ni, kò sì sẹ́ni tó lé mi.

Kí n má baà ya abaramóorejẹ: ẹ ń pè wá, a ń gbọ́. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ ta bọ́ǹdù $300 mílíọ̀nù tí wọ́n ṣe nítorí àwa tí a wà lẹ́yìn odi. Ní oṣù kẹta 2021, wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá fi dọ́là ránṣẹ́ sí lọ́nà òfin, àwọn yóò fi ₦5 ṣe èènì lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kìíní 2025, ẹ dá irú àkáǹtì méjì sílẹ̀ fún wa, ọ̀kan fún owó tí a bá ń fi ránṣẹ́ sílé, ìkejì fún owó tí a bá fẹ́ fi dókòòwò. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ẹ mú kó ṣeé ṣe kéèyàn gba BVN, nọ́ḿbà ìdánimọ̀ tí báńkì ń béèrè, láì wọ bàálù wálé. Èyí dára gan-an ni, mo dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ìlànà tí ẹ gbé jáde ní oṣù kìíní 2024 fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbówó láti ìlú kan dé òmíràn. Ẹ ní owó tó ń wọlé nìkan ni kí wọ́n fọwọ́ kàn. Èyí tó ń jáde kò gbọdọ̀ gba ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọ ẹni tó ti dẹ odò rí mọ irú ẹnu ọ̀nà yìí. Ìgèrè ni. Ẹnu rẹ̀ fẹjú lóde, ẹja á wọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó bá yíjú padà láti jáde ni yóò rí i pé gbogbo ṣónṣó ọparun tó wà níbẹ̀, òun ni wọ́n dojú kọ.

Àlejò ò sí nínú ìgèrè yìí o. Òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó lẹ́tọ̀ọ́ láti máa ti ọwọ́ báńkì fi owó oṣù rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìlú rẹ̀. Olókòòwò ilẹ̀ òkèèrè tó bá gbówó wọlé ń gba ìwé ẹ̀rí lábẹ́ òfin pàṣípààrọ̀ owó ti 1995, ìwé náà ni yóò sì fi kó owó rẹ̀ àti èrè orí rẹ̀ jáde. Nígbà tí owó àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù há sí Nàìjíríà, ariwo ta. Emirates kò tilẹ̀ wá mọ́ láti 2022, ó di oṣù kẹwàá 2024 kó tó padà. Ìlú wá owó wọn. Ní oṣù kẹta 2024, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun ti san gbogbo èyí tó tọ́ nínú gbèsè bílíọ̀nù $7 tí ẹ bá nílẹ̀. Mi ò bínú sí i. Gbèsè ni, sísan ló yẹ ẹ́. Ta ló wá ka tiwa? Nọ́ọ̀sì ò ní bàálù tó fẹ́ dá dúró.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí a ń ṣe níbí. Ẹni tó ní náírà nílé á wá ẹni tó fẹ́ fi pọ́n-ùn ránṣẹ́ sílé. Ọ̀kan á san náírà fún ìyá èkejì ní Ìbàdàn, èkejì á san pọ́n-ùn fún un ní Leeds. "Swap" là ń pè é. Kò sí owó kankan tó gorí òkun. Bí àwọn méjèèjì bá mọ ara wọn, tí wọ́n jọ ń lọ sí ìjọ kan náà, ọ̀rọ̀ tán. Ìjàngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá di ti orí WhatsApp, tí ẹni tí o ò rí rí á ní òun ní £2,000 nílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan, nọ́ọ̀sì bíi tèmi, gba £3,000 lọ́nà yìí. Kò mọ̀ pé owó tí wọ́n lù ní jìbìtì lọ́wọ́ arúgbó òyìnbó kan ni wọ́n fi san án fún òun. Báńkì rẹ̀ ti àkáǹtì rẹ̀ pa láàárọ̀ ọjọ́ tí owó ilé pé. Òfin tí wọ́n ṣe níbí ní 2017 fún ilé ẹjọ́ lágbára láti dènà irú owó bẹ́ẹ̀ títí dé ọdún méjì. Ọlọ́run yọ ọ́, tirẹ̀ ò dé ilé ẹjọ́. Oṣù mẹ́rin ló fi ń kọ lẹ́tà lórí lẹ́tà, tó ń ṣàlàyé "swap" fún òyìnbó tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Lójoojúmọ́ ló ń bẹ̀rù pé wọn yóò gbọ́ níbi iṣẹ́. Obìnrin tó jẹ́ pé owó alájẹṣẹ́kù tirẹ̀ ló ń wá, wọ́n ń bi í léèrè bí ọmọ "yahoo".

Mi ò tíì sọ ti nọ́ḿbà fóònù mi. Òfin àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ni pé nọ́ḿbà tí kò bá pawó wọlé fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè ti í pa. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn. Èmi ò rántí fi káàdì sí i. Ní 2023, mo fẹ́ wọ àkáǹtì mi láti san owó ìwòsàn ìyá mi. Báńkì ní àwọn ti fi nọ́ḿbà àṣírí ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo pe nọ́ḿbà ara mi. Ọkùnrin kan gbé e ní Ìlọrin. Èèyàn dáadáa ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ka nọ́ḿbà àṣírí náà fún mi kí ọ̀rọ̀ mi tó sú u. Báńkì ní kí n yọjú fúnra mi kí n wá yí nọ́ḿbà padà. Kí n wọ bàálù, àlọ àtàbọ̀, nítorí nọ́ḿbà fóònù.

Kì í sì í ṣe èmi nìkan ló ń pàdánù; ìlú náà ń pàdánù. Nígbà tí mo wálé tí mo sì rí ọ̀rọ̀ nọ́ḿbà náà tún ṣe, mo fa àkáǹtì náà lé àbúrò mi lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, owó oúnjẹ ìyá wa, owó oògùn rẹ̀, owó iná rẹ̀, inú rẹ̀ ló ti ń yọ ọ́. Pọ́n-ùn tí ǹ bá máa fi ránṣẹ́ lóṣooṣù dúró sí Leeds. Mo mọ ọ̀pọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Báńkì Àgbáyé ṣírò owó tí àwa ọmọ Nàìjíríà ń fi ránṣẹ́ sílé sí nǹkan bí bílíọ̀nù $20 lọ́dún. Ẹ̀yin náà ti sọ pé ẹ fẹ́ kí bílíọ̀nù kan dọ́là máa gba ọ̀nà tí òfin mọ̀ wọlé lóṣooṣù. Ó dára. Ẹ wá bi mí bóyá n ó kó ohun tí mo ti tọ́jú níbí sínú àkáǹtì tuntun yín. Mo ti wọ ìgèrè lẹ́ẹ̀kan.

Mo mọ èsì tí wọ́n máa ń fọ̀: dọ́là ò tó, bí gbogbo ẹni tó ń jápa bá kó owó rẹ̀ dání, àpò ìlú á gbẹ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní 2022 sí 2023, dọ́là ò sí ní tòótọ́, àwọn tó ń gbé oògùn wọlé pàápàá ń wá a kiri, mi ò sì ní sọ pé kí wọ́n fi tèmi ṣáájú oògùn. Àmọ́ ní 2025, owó òkèèrè tó wà nípamọ́ fún ìlú ti lé ní bílíọ̀nù $40, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì ń fi yangàn, ó sì tọ́ sí yín. Ẹ wo India. Rúpíì kì í ṣe owó tí gbogbo ayé ń ná, àwọn tó ń jáde níbẹ̀ sì pọ̀ jù wá lọ fíìfíì. Báńkì Àpapọ̀ tiwọn gbà kí ọmọ ìlú tó ti kó lọ máa kó tó mílíọ̀nù kan dọ́là jáde lọ́dún kan nínú àkáǹtì tó fi sílẹ̀ nílé, bó bá ti san owó orí, tí ìwé rẹ̀ sì pé. Mílíọ̀nù kan! Tèmi ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn.

Ìlà kan ni mò ń béèrè nínú Fọ́ọ̀mù A: owó ìpamọ́ ẹni tó ti kó lọ. Kí ẹ béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ mi, kí ẹ béèrè ìwé owó oṣù, ẹ̀rí owó orí, àti àkọsílẹ̀ àkáǹtì ọdún márùn-ún. Gbogbo rẹ̀ wà nínú fáìlì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Kí ẹ fi gbèdéke sí i. Bí ẹ bá ní $5,000 lọ́dún, a ó gbà. Kó jẹ́ iye tí ọjà ń ná lọ́jọ́ náà, a ò wá ẹ̀dínwó. Kí báńkì sì dáni lóhùn láàárín iye ọjọ́ tí ẹ bá dá fún un, yálà bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, nínú ìwé tí wọ́n buwọ́ lù, torí "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" kì í ṣe èsì. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ sì ti gbà pé èèyàn lè fi ojú rẹ̀ hàn láti ìlú òkèèrè kó gba BVN, ẹ jẹ́ kó lè ti ibẹ̀ yí nọ́ḿbà fóònù rẹ̀ padà. 

Èyí tó ti yọ́ ò lè dì mọ́. Mi ò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́ ní Ìbàdàn pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Físà rẹ̀ ti jáde. Ó kí mi títí, ó béèrè òtútù, ó béèrè ilé, ó wá ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa kó owó mi wá?" Mo dákẹ́ díẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó gba báńkì rẹ̀ lọ. Mo rántí kíṣìnnì alàgbà yẹn. Mo bá júwe ibi tí àbókí máa ń jókòó sí fún un.

Bí ẹ bá fẹ́ fèsì, ẹ fi sínú ìwé ìròyìn tí mo ti kọ èyí, n ó rí i. Bí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì yín bá rí nọ́ḿbà mi àtijọ́ níbì kan, kí ó má pè é o. Ọkùnrin Ìlọrin yẹn ti ṣe tirẹ̀.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì kan ní Leeds